Orúkọ Màmá Ni Gbogbo Wa Fi Wọ Íńtánẹ́ẹ̀tì

Mi ò lọ sílé ìwé kọ̀ǹpútà kankan. Tẹ́nì kan bá bi mí pé ta ló kọ́ mi, mo máa ń sọ pé àwọn kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ ló kọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ọ̀bà-Ilé, wọ́n máa ń kó èyí tí ò ṣiṣẹ́ mọ́ sẹ́yìn ilé, òjò á máa pa á. Mo máa ń lọ tú wọn. Iná gbé mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣì padà lọ tú wọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Àkúrẹ́ wá ń wá ẹni tí á máa wo kọ̀ǹpútà wọn, tí wọn ò sì fẹ́ ẹni tó ní sátífíkéètì torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ní kí wọ́n fún òun ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ gidi, èmi ni wọ́n pè. Káṣúà ni mí. Ìyẹn ni pé wọ́n lè ní kí n má wá lọ́la, kò sì sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé kí ló dé.

Inú tún máa ń tètè bí mi. Mo yáa sọ ọ́ báyìí, kó má di pé mo fi pa mọ́.

Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi mí sí pẹ̀lú àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí. Màmá ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Atẹ̀wé ni Màmá. Lẹ́tà tí ọ̀gá bá fẹ́ kọ síbikíbi, ọwọ́ Màmá ló máa gbà kọjá. Taipuráítà ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láyé ọjọ́un, bó sì ṣe ń gbá taipuráítà náà ló ṣe ń gbá kọ̀ǹpútà. Kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta ni mo ti pààrọ̀ fún un. Ará Oǹdó ni. Ó gba yàrá kan sí Àkúrẹ́ tó ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá ti di ọ̀sán Fráídè, á gbé báàgì ẹ̀, ó di gáréèjì. Ó ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ohun tó sì máa ń fi yangàn sí wa ni pé látọjọ́ tóun ti wọṣẹ́ ìjọba, kò sí ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n ń pè ní kwẹ́rì tó wọnú fáìlì òun rí.

"Ẹ máa wò ó," á ní. "Bí mo ṣe wọlé ni mo ṣe máa jáde. Fáìlì mi mọ́ ju abọ́ tẹ́ ẹ fi ń jẹun lọ."

Ẹnì kejì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú fáìlì. Ìlú Ìjù ló ti ń wá sí ibi iṣẹ́, ó lóko níbẹ̀, ó máa ń gbé àgbàdo bíbọ̀ wá fún wa nínú ọ̀rá dúdú. Òun ló lẹ́nu jù nínú yàrá yẹn.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n gbé íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ dé. Wọ́n kan àpótí kékeré kan tó ní ìwo méjì mọ́ ara ògiri, wọ́n lẹ ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ lò ó, kó wá forúkọ sílẹ̀, kó mú nọ́ńbà fóònù wá, kó mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ wá, kó ní páásìwọ́ọ̀dù tiẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ orúkọ. Mo jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán, ẹyọ ẹnì kan ò wá.

"Ọ̀fẹ́?" ẹ̀gbọ́n onífáìlì ló sọ bẹ́ẹ̀. "Àwọn tí ò ra pépà fún wa? Àwọn tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìyàgbẹ́ wọn ti sọnù látọdún tó kọjá?"

"Wọ́n fẹ́ máa wo ohun tá à ń wò ni," àǹtí kan tó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà dá a lóhùn.

"Kí ni wọ́n fẹ́ rí lára tìẹ? Kánádà tó ò ń wá látọjọ́ yìí?"

"Ó sàn ju tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ̀ ń ta tẹ́ ẹ kì í jẹ, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dìde láti wá kọ orúkọ.

Mi ò lè sọ pé wọ́n ṣì í rò. Gbogbo wa la tò sínú oòrùn nígbà tí wọ́n ní ká so síìmù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, títí dòní kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wa ohun tí wọ́n ń fi gbogbo ẹ̀ ṣe. Ọlọ́pàá ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á ní kéèyàn ṣí fóònù, wọ́n á máa ka ọ̀rọ̀ èèyàn àti ìyá ẹ̀. Lórí Wásáàpù, ìgbà gbogbo ni wọ́n ń tari ọ̀rọ̀ kan náà káàkiri, pé láti ọ̀la lọ ìjọba á máa gbọ́ gbogbo ìpè, á máa ka gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ sọ fọ́mọ yín, ẹ sọ fáwọn ará ìjọ yín. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n onífáìlì ní, "Tó bá jẹ́ irọ́, kí ló dé tó fi jọ òótọ́ tó báyìí?"

Màmá nìkan ló wá. Lọ́jọ́ kejì ló wá, ó fa àga, ó jókòó síwájú mi.

"Kọ orúkọ mi síbẹ̀. Mi ò jalè, mi ò pààyàn. Kí ni wọ́n fẹ́ rí? Wọ́n á rí orin ìjọ, wọ́n á rí fọ́tò ọmọ ọmọ mi tí ò tíì léyín."

"Màmá, ẹ ti kó sí wọn lọ́wọ́ o!" ẹ̀gbọ́n onífáìlì pariwo látibi tó wà.

"Ìwọ tó o ti ń tọ́jú fáìlì wọn látọjọ́ yìí, ọwọ́ ta lo wà?"

Ó ń bẹ̀rù kó má gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù ẹ̀, ló bá fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí, ó fi ṣẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù fèrèsé.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Dátà tán nínú fóònù ẹnì kan, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tiyín wọlé, ìṣẹ́jú kan péré." Màmá ní kó máa wò ó lára fèrèsé. Bó ṣe ń fún èèyàn lómi mu náà ló ṣe fún un. Lọ́jọ́ kejì ẹlòmíì bèèrè. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó ń bèèrè mọ́, wọ́n kàn ń gbójú sókè wo fèrèsé ni, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ gbọ́, àwọn náà gòkè wá. Èmi fúnra mi ni mo ń bá àwọn àgbà tí ojú wọn ò ríran dáadáa tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Mo fi sínú tèmi náà.

A rò pé ọgbọ́n ni. Ká sọ òótọ́, a gbádùn ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n onífáìlì máa ń ní tí ìjọba bá fẹ́ wo òun, kí wọ́n máa wo Màmá, kó máa yà wọ́n lẹ́nu pé ìyá àgbà kan ń ta tẹ́tẹ́, ó ń wá físà, ó tún ń kà nípa béèyàn ṣe ń dín ikùn kù. Màmá alára rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, lẹ́tà mìíràn wá látòkè. Èyí kì í ṣe fún wa. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé àṣírí ni. Wọ́n ní kí ọ̀gá máa fi àkọsílẹ̀ ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sáwọn lóṣooṣù, kí àwọn òṣìṣẹ́ má sì mọ̀. Ọ̀gá gbé e fún Màmá pé kó tẹ ẹ̀dà ẹ̀ fáwọn olórí ẹ̀ka. Màmá tẹ̀ ẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Tí Màmá bá ti tẹ nǹkan tán, kò sí lórí ẹ̀ mọ́. Ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n onífáìlì pé kó fi sínú fáìlì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí fọ́tò lẹ́tà yẹn fi jáde nínú ìwé ìròyìn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òǹtẹ̀ ń bẹ lára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń bẹ lára ẹ̀. Gbogbo Àkúrẹ́ ń tari ẹ̀ káàkiri.

Ọ̀gá pè mí. "Ṣé àpótí yẹn mọ ẹni tó lọ sórí sáìtì àwọn oníwèé ìròyìn yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Ó mọ̀ sà."

Mo yára sọ ọ́ ni. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ọ̀gá bi mí ní nǹkan tí mo mọ̀.

Mo tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde. Príńtà ń bì í, ó ń bì í, títí pépà fi tán. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lára ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọ̀gá ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá yìí ló ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù?"

Ó ṣí òmíì.

"Ìyá yìí ló ń wá iṣẹ́ awakọ̀ àjàgbé ní Kánádà?"

Ọ̀gá kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè ẹ̀ ti ní kó mú orúkọ wá, orúkọ sì nìyí: ẹni tó tẹ lẹ́tà yẹn náà ni orúkọ ẹ̀ lọ sórí sáìtì tó gbé e jáde. Ní Wẹ́sidè wọ́n fún Màmá ní kwẹ́rì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó fèsì, ó pẹ́ tán, ní Mọ́ńdè, pé tí èsì ẹ̀ ò bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, wọ́n lè dá a dúró kí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ẹ̀ tó pé.

Ó kà á lórí ìdúró. Ẹlòmíì ló bá wọn tẹ̀ ẹ́, wọn ò lè ní kó tẹ ti ara ẹ̀. Ó jókòó, ó mú bírò pupa, ó fa ìlà sábẹ́ ibì kan tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ṣì, ó wá ká ìwé náà, ó fi sínú báàgì.

Lọ́jọ́ kejì mo dìde dúró láàárín yàrá, mo pariwo mọ́ wọn.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é! Gbogbo yín! Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ bá ọ̀gá, kó lọ sọ pé òun fi orúkọ Màmá wọlé!"

"Ìwọ ńkọ́?" àǹtí ẹnu ọ̀nà bi mí. "Ta ló tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù mi?"

"Èmi náà!"

"Ó dáa, máa lọ. Tó o bá bọ̀, wá ròyìn fún wa."

Ẹ̀gbọ́n onífáìlì ò pa ẹyọ àwàdà kan lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ ọ̀gá." Bí wọ́n ṣe kó ara wọn jọ nìyẹn, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ̀gá, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n ní kó ṣàánú Màmá nítorí Ọlọ́run. Ọ̀gá ní òun gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ yìí, ta ló fi orúkọ màmá yìí wọlé? Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn orúnkún, wọ́n padà síbi iṣẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀, èmi náà ò dáhùn.

Nǹkan kan wà tí wọn ò mọ̀. Àpótí yẹn kì í kọ orúkọ nìkan sílẹ̀. Fóònù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọ́n ṣe mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́ tó ti wá, àpótí náà ń kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà fóònù ta ni èyí, nọ́ńbà fóònù ta ni tọ̀hún, ó lè ya gbogbo ẹ̀ sọ́tọ̀. Èmi ni mò ń tún fóònù wọn ṣe, nítorí náà mo ti mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Fún àwọn tí mi ò mọ̀, mo purọ́. Ní Fráídè mo ní mo fẹ́ bá wọn mú kí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn yá sí i. Wọ́n kó fóònù wọn lé mi lọ́wọ́ láì bi mí ní nǹkan kan.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ń tò ó. Ẹ ẹ̀ lè mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó ń kí yín ní "ẹ káàárọ̀" lójoojúmọ́, ẹ wá rí ohun tó ń bi íńtánẹ́ẹ̀tì léèrè. Ẹnì kan ń wá bó ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀. Ẹnì kan ń bèèrè lójoojúmọ́ bóyá kókó tó wà lọ́mú òun lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Díákónì kan wà níbẹ̀, mi ò ní sọ tiẹ̀. Mò ń kà á lọ. Mo ti mu kọ́ọ̀pù tíì méjì kí n tó rántí pé nítorí Màmá ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀.

Mo wá rí i. Fóònù tó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sáwọn oníwèé ìròyìn yẹn, fóònù ẹ̀gbọ́n onífáìlì ni. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló lọ síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ohun tí fóònù yẹn ń wá kiri ni àìsàn fọ̀níkú-fọ̀nídìde, síkúlà, lára ọmọ ọdún méjì: kí ni wọ́n ń fún un mu, ṣé ó máa ń dàgbà, irú ọsibítù wo ló dáa. Ọmọ ọdún méjì ló ní.

Mi ò rò pé ó mọ̀ pé Màmá ni wọ́n máa mú. Kò sẹ́ni tó rò ó nínú wa. A ti lo orúkọ yẹn títí, a ò rántí mọ́ pé èèyàn ló ni ín.

Mo tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, mo fi sínú báàgì. Ní Sátidé mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Nígbà tá a kọjá Bọ́lọ́rundúró díẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọlọ́pàá dá wa dúró. Ọ̀kan nawọ́ sí mi láti ojú fèrèsé.

"Ìwọ, mú fóònù ẹ wá. Ṣí i."

"Kí ni mo ṣe?"

"Mo ní ṣí i."

"Fóònù mi ni! Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Ọmọ yìí, ṣí i fún wọn ká máa lọ jàre!" ìyá kan pariwo lẹ́yìn. "Àbí o ti pa ẹnì kan ni?"

Dẹ́rẹ́bà ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n. Mo ṣí i. Ọlọ́pàá náà ń fi àtàǹpàkò tari àwọn fọ́tò mi lọ.

"Kọ̀ǹpútà nìkan ló kún ibí. Ọmọ Yahúù ni ẹ́?"

"Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni."

"Gbogbo yín lẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe." Ó jù ú sí mi nítan. Inú mi ń ru títí tá a fi wọ Oǹdó. Mò ń sọ ọ́ sókè fún gbogbo mọ́tò pé kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ka nǹkan ẹlẹ́nìkejì. Báàgì yẹn wà lórí ẹsẹ̀ mi.

Àdúgbò Yábà ní Oǹdó níbẹ̀ ni ilé Màmá wà. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, ó ń se ẹ̀wà lórí iná igi, ó sì ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Ó yà á lẹ́nu pé mo mọ ibẹ̀.

"Ta ló rán ẹ wá?"

"Èmi ni mo ran ara mi, mà." Mo kó ìwé náà fún un. "Èyí ló máa gbà yín sílẹ̀. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn gan-an. Ẹ gbé e fún wọn ní Mọ́ńdè."

Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó wọ gíláàsì. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò. Ìka náà dúró.

"Ọmọ ẹ̀ ni?"

"Òun ni, mà."

"Mo gbé ọmọ yẹn lọ́jọ́ ìkómọ. Kò sọ fún mi pé kò gbádùn."

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mà."

"Ó sọ fún ìwọ?"

"Rárá, mà."

Ó bọ́ gíláàsì. "Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń sọ látọjọ́ yìí pé ìjọba ń wò yín. Mi ò rí ìjọba níbí o. Ìwọ ni mo rí."

Inú bí mi. Mo gbàgbé ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. "Wọ́n máa lé yín, mà! Òun ló fi lẹ́tà yẹn síta! Ó ń wò yín níran, kò sọ nǹkan kan! Ẹ fẹ́ kí wọ́n lé yín nítorí ẹni tí ò lè..."

"Pariwo sí i. Àwọn ará ilé kejì ò tíì gbọ́."

Mo jókòó sórí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

"Tí mo bá gbé èyí fún wọn, wọ́n á mọ ẹni tó fẹ́ kọ ọkọ sílẹ̀, wọ́n á mọ ẹni tí kókó wà lọ́mú ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá nínú lẹ́tà tí mo tẹ̀ náà nìyí. O ti wá bá wọn ṣe é tán, lọ́fẹ̀ẹ́." Ó ń ki ìwé náà bọ abẹ́ ìkòkò bó ṣe ń sọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń koná. "Ṣé ó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Pa á rẹ́. Mo mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn."

"Fáìlì yín ńkọ́?"

Ó padà sídìí ẹ̀gúsí ẹ̀. "Ó ń dùn mí," ó ní. "Má rò pé kò dùn mí."

Ó bu ẹ̀wà fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Ní Mọ́ńdè mo débi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo èèyàn, mo pa á rẹ́, àti èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà àti èyí tó wà nínú àpótí. Ní aago mẹ́wàá wọ́n pe Màmá wọlé. Ọ̀gá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn méjì tó wá látòkè. Wọ́n ní kémi náà wá, kí n wá ṣàlàyé àkọsílẹ̀ tí mo tẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n onífáìlì ló gbé fáìlì Màmá wọlé, wọ́n sì ní kó dúró níbi ilẹ̀kùn, bóyá wọ́n á nílò ìwé mìíràn.

Ìlà mẹ́ta ni èsì Màmá. Ó ní orúkọ òun ni. Ó ní òun lòun fún àwọn èèyàn lò, ẹni tó bá bèèrè lòun ń fún. Ó ní òun ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Nítorí náà ẹ gbà pé ẹ̀yin ni," ọ̀kan nínú àwọn àlejò ní.

"Mo gbà pé orúkọ mi ni, sà."

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lo mọ nǹkan yìí. Ṣé òun ló lọ sórí sáìtì yẹn àbí òun kọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ìwọ lo tẹ ìwé yìí jáde."

"Orúkọ nìkan ni ìwé yẹn mọ̀, sà. Kò mọ ọwọ́ ta ló wà lórí fóònù. Èmi náà fi orúkọ yẹn wọlé. Tẹ́ ẹ bá wò ó, ibi tí wọ́n ti ń wo bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe, èmi nìyẹn. Tí kì í bá ṣe pé gbogbo ẹ̀ ni Màmá ṣe, ẹ ẹ̀ lè mú ọ̀kan nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ ní òun ni."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Tèmi ni mo mọ̀, sà."

"Ṣé kò sí bí ẹ̀rọ yẹn ṣe lè fi fóònù kan hàn yàtọ̀ sí òmíì?"

Mo ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n onífáìlì ṣe ń mí lẹ́yìn mi.

"Kò sí, sà."

Ọ̀gá wò mí títí. Mo rò pé ó mọ̀ pé irọ́ ni. Kò bi mí mọ́.

Wọ́n jókòó sínú ibẹ̀ dọ̀sán. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní kí wọ́n yọ kwẹ́rì yẹn kúrò nínú fáìlì Màmá, torí kò sí bí wọ́n ṣe lè dì í mọ́ ọn lọ́rùn. Èmi, wọ́n ní ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ẹ̀rọ tó tún ń fi orúkọ ẹlòmíì wọ inú ẹ̀, àwọn ò lè fi irú ẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní kí n má wá lọ́la. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló dé.

Ẹ̀gbọ́n onífáìlì tẹ̀ lé mi dé ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Fóònù wa tó o gbà ní Fráídè," ó ní. "Ṣé o rí tèmi?"

"Mi ò rí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n."

Ó mi orí. Ó mọ̀ pé mo rí i. Ó ní, "O kú iṣẹ́," ó padà sókè. Lọ́jọ́ kẹta tí mo lọ kó skùrúdíráfà mi tó kù síbẹ̀, bí mo ṣe wọ yàrá yẹn ni gbogbo wọn da ojú fóònù wọn dé orí tábìlì. Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n kí mi dáadáa.

Màmá parí oṣù tó kù fún un, ó fẹ̀yìn tì. Mo lọ síbi ìdúpẹ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Oǹdó. Ó jó, ó sì sọ nípa fáìlì ẹ̀ fún àlùfáà àti gbogbo ìjọ. Ó fi oúnjẹ sínú kúlà fún mi pé kí n gbé e lọ sílé.

Ọ̀bà-Ilé ni mo padà sí, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí. Lọ́dún yìí Màmá wá bá mi níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ ra fóònù tuntun fún un, ó fẹ́ kí n bá òun kó fọ́tò láti inú ti àtijọ́ sínú tuntun. Mo gbé àga síbi tí fáànù wà fún un.

"Ẹ jókòó síbí, mà. Ó máa pẹ́ díẹ̀."

"Kí o má ṣèyọnu." Ó fa àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wọ gíláàsì ẹ̀. "Ibí dáa. Mo fẹ́ máa wò ó."

Ó bi mí nípa ìyá mi. Ó sọ bí ọmọ ọmọ ẹ̀ ṣe ń sáré kiri báyìí fún mi. Bó ṣe ń sọ gbogbo ẹ̀, kò gbé ojú kúrò lára ọwọ́ mi. Mo tẹ́ fóònù méjèèjì sórí tábìlì, síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tàn dáadáa, mo rọra ń ṣe é, kó lè máa rí i.